Ẹ má wo dídán ojú laptop, bátìrì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè

Lọ́sẹ̀ yìí, mi ò fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀ olóṣèlú kankan, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ẹ́ sọ ti òṣèré tó kọ ìyàwó sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa tó ká mi lára, mo sì mọ̀ pé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ kàn ń dá a mọ́ra ni. Ọ̀rọ̀ laptop ni, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí tọmọdé tàgbà ń gbé kọ́ apá kiri báyìí. Ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, torí ọ̀rọ̀ owó ni, owó tí wọ́n fi òógùn ojú wá.

Ìyá kan wà tó ń ta ata níwájú ilé kejì sí tiwa, Ìyá Aláta la máa ń pè é. Ó ní ọmọbìnrin kan tó ti jáde yunifásítì, tó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, àmọ́ tí iṣẹ́ ò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọmọ náà ló ṣàlàyé fún ìyá ẹ̀ pé ayé ti yí padà, pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í pe èèyàn wá sí ọ́fíìsì mọ́ kí wọ́n tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, tí wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Ó ní ẹni tí ò bá ní laptop, àfi kó máa wo iṣẹ́ bó ṣe ń kọjá lọ. Ìyá Aláta ò jiyàn. Àjọ tó ń dá lójoojúmọ́, tó fẹ́ẹ́ fi tún òrùlé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ tó ń jò ṣe, ó lọ gbà á lọ́wọ́ alájọ. Owó náà lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà.

Laptop tòkunbọ̀ ni wọ́n rà. Mi ò ní í dárúkọ ọjà tí wọ́n ti rà á, mi ò sì ní í dárúkọ ẹni tó tà á, torí kì í ṣe torí ìyẹn la ṣe ń sọ̀rọ̀. Laptop náà ń dán yanranyanran, wọ́n ti fi nǹkan nù ún, wọ́n ti lẹ bébà tuntun mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọmọkùnrin tó tà á ní, "Màmá, ẹ fọkàn yín balẹ̀. UK used ni. Wákàtí mẹ́rin gbáko ni bátìrì yìí máa gbé yín, ẹ ò tiẹ̀ ní í mọ̀ pé NEPA mú iná lọ." Ìyá gbàdúrà fún un, ó tún fún un lówó omi. Wọ́n gbé e délé, inú wọn ń dùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni iléeṣẹ́ kan pe ọmọ náà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n dá. Ó wọ kóòtù dúdú lókè, ó ró ìró ìyá ẹ̀ nísàlẹ̀, torí àwọn tó fẹ́ẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ò ní í rí ìsàlẹ̀. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, NEPA mú iná. Ẹ sì wò ó o, ọdún 2005 ni wọ́n ti yí orúkọ NEPA padà sí PHCN, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí iná bá lọ, NEPA náà la ṣì ń bú. Ẹni tí wọ́n bú láti kékeré, orúkọ ẹ̀ ti mọ́ wa lẹ́nu.

Ọmọ ní kò séwu, bátìrì ti kún, 100 pásẹ́ǹtì ló wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́, ó dáhùn. Wọ́n bi í ní ìkejì, ó dáhùn, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ń mirí sí i. Ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún ni laptop ṣe fúù, ó kú. Kò kìlọ̀, kò dágbére. Ọmọ ní nígbà tóun wò ó gbẹ̀yìn, 61 pásẹ́ǹtì ló ṣì wà níbẹ̀.

Ariwo tó pa ló gbé mi jáde. Ìyá Aláta fi ata àti oníbàárà sílẹ̀, ó gbé laptop, ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rí tó ń tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kí wọ́n tó rí ibi kì í sí, kó tó tàn, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó wọlé padà, àwọn yẹn ti ṣe tán, wọ́n ti lọ. Ọmọ kọ̀wé bẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n fèsì pé wọ́n ti mú ẹlòmíì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá náà wá bá mi. Ó ní, "Bàbá oníwèé ìròyìn, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó. Nǹkan tó ní 61, tó wá kú lójijì. Ṣé ọwọ́ ayé ò sí nídìí ẹ̀ báyìí?" Mo ní, "Ìyá Aláta, kì í ṣe ayé o. Bátìrì ni."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, òun la gbé e lọ bá. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tó fi rí ìdí ọ̀rọ̀. Ó tẹ nǹkan kan, ìwé kan jáde lójú ẹ̀rọ. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó. Nígbà tí wọ́n ṣe bátìrì yìí, 46,000 ló lè gbà. Bó ṣe wà yìí, 11,000 ló kù." Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní ẹ ra àpò gààrí tí wọ́n ní kóńgò 46 ló wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ délé tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, tó wá jẹ́ kóńgò 11, ṣé ẹ ò ní í pariwo? Bátìrì tó gbó náà máa ń sọ pé òun kún 100 pásẹ́ǹtì. Kò purọ́ o, ó kún lóòótọ́. Kòròbà ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, àmọ́ ó ti di ife. Tó bá sì ti gbó tó bẹ́ẹ̀, kì í mọ iye tó kù nínú ara ẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tó fi lè sọ pé 61 ló kù kó sì kú mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń gbó, torí téèyàn bá mọ ohun tó ń pa nǹkan, ó máa mọ bó ṣe máa tọ́jú ẹ̀. Lithium-ion ni wọ́n ń pe irú bátìrì tó wà nínú laptop òde òní. Ọdún 1991 ni iléeṣẹ́ Sony ilẹ̀ Japan kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ jáde fún títà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn bí i, ìyẹn John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì lọ́dún 2019. Ẹni ọdún 97 ni Goodenough nígbà tí wọ́n fún un, kò sì sí ẹni tó dàgbà tó o rí kó tó gba Nobel.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú bátìrì náà dà bí ọkọ̀ èrò. Bẹ́ ẹ bá ń lò ó, èròjà lithium á máa rin láti apá kan lọ sí apá kejì. Bẹ́ ẹ bá fi sí ṣáàjì, wọ́n á tún padà síbi tí wọ́n ti wá, bí ìgbà tí dánfó bá kó èrò láti Ọ̀ṣòdì lọ sí Ìyánà-Ìpájà tó tún kó wọn bọ̀. Àmọ́ nínú ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan, èrò díẹ̀ á bọ́ sílẹ̀ lọ́nà, wọn ò sì ní í padà wá mọ́. Lójú ẹ̀, ọkọ̀ náà á ṣì máa lọ, á máa bọ̀, àmọ́ èrò inú ẹ̀ ò ní í tó nǹkan mọ́. Ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan yẹn ni wọ́n ń pè ní cycle. Kì í ṣe iye ìgbà tẹ́ ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́ o. Tẹ́ ẹ bá lo ìdajì lónìí tẹ́ ẹ fi sí ṣáàjì, tẹ́ ẹ tún lo ìdajì lọ́la, cycle kan ṣoṣo nìyẹn. Ọ̀pọ̀ bátìrì laptop ni kì í gbádùn mọ́ tó bá ti rin nǹkan bíi 300 sí 500. Àwọn MacBook ìgbà tá a wà yìí, Apple ní 1,000 ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ ẹ̀ wá rí i pé tòkunbọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́rin, ó ti rìn jìnnà kó tó wọkọ̀ òkun wá bá wa. Kò sí bá a ṣe máa se ebòlò tí kò ní í rùn ìgbẹ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ra tòkunbọ̀, èmi fúnra mi tòkunbọ̀ ni mo fi ń kọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kẹ́ ẹ ka bátìrì mọ́ iye owó. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa ra bátìrì tuntun sí i, ẹ ti yọ owó yẹn kúrò lára iye tẹ́ ẹ máa ná ọjà sí.

Ó ya, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà. Ká ní ẹ wà lọ́nà Ọ̀tígbà n'Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ń pè ní Computer Village, tàbí níbikíbi tí wọ́n ti ń tà á nílùú yín. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi ara yín ni pé, iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ẹ́ fi ṣe? Ẹni tó fẹ́ẹ́ máa tẹ lẹ́tà, tó fẹ́ẹ́ máa ṣírò owó ọjà, tó fẹ́ẹ́ máa ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò nílò ẹ̀rọ tí àwọn tó ń ṣe fíìmù ń lò. Ẹ̀rọ tó lágbára jù a máa mu bátìrì bí ọ̀mùtí ṣe ń mu ògógóró. Bí Intel bá ni ọpọlọ inú ẹ̀, ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú i5-8250U. U tó wà nídìí ẹ̀ yẹn ni pé kì í jẹ iná púpọ̀, wáàtì 15 ni wọ́n díwọ̀n ẹ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá rí H, èyí tí wọ́n díwọ̀n sí wáàtì 45 ni. Ilé tí iná ò ti fi bẹ́ẹ̀ sí, U ni kẹ́ ẹ bá wọn dúró tì.

Ẹ má tíì kúrò lórí nọ́ńbà yẹn. Fígọ̀ tó tẹ̀ lé ìlà kékeré yẹn ló ń sọ ìran tó jẹ́. 8250U, ìran kẹjọ nìyẹn. 6300U, ìran kẹfà ni. 10210U, ìran kẹwàá. Kí ló dé tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu lórí ẹ̀? Torí pé ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn dúró fún Windows 10, bẹ́ẹ̀ Windows 11 tó rọ́pò ẹ̀ ò gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí Intel ìran ẹ̀ ò bá tó ìkẹjọ. Àwọn kan máa ń fi ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí kì í bọ inú ìran kẹfà, á sì máa ṣiṣẹ́, àmọ́ Microsoft ò fọwọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá rí laptop tó wọ́nlẹ̀ jù, ẹ wo ìran ẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa yọ̀.

Ohun kejì ni bátìrì gan-an. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "wákàtí mẹ́rin, wákàtí márùn-ún" tàn yín. Ìṣirò ni kẹ́ ẹ bá wọn ṣe. Wọ́n máa ń kọ Wh sára bátìrì, iye iná tó lè gbà nìyẹn. Bó bá jẹ́ 50 Wh, tí laptop náà sì ń jẹ wáàtì 10, wákàtí márùn-ún ni. Bẹ́ ẹ bá tan fídíò tó ń gbé ojú yín lọ gbé ojú ẹlòmíì bọ̀, ó lè máa jẹ wáàtì 20, ó di wákàtí méjì ààbọ̀ nìyẹn. Bátìrì kan náà ni o, iṣẹ́ ló yàtọ̀.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ṣe ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Pátákó dúdú kan á yọjú. Ẹ kọ powercfg /batteryreport síbẹ̀, ẹ tún tẹ Enter. Á sọ ibi tó tọ́jú ìwé náà sí fún yín, ẹ lọ ṣí i. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DESIGN CAPACITY sí, iye tó lè gbà nígbà tó wà ní tuntun nìyẹn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, FULL CHARGE CAPACITY, iye tó lè gbà lónìí ni. Bí tòní bá ju 80 nínú 100 ti àkọ́kọ́ lọ, ọjà gidi ni. Bó bá wà láàárín 60 sí 80, ẹ dúnàá-dúrà. Bí kò bá tó ìdajì, ẹ ní kó pààrọ̀ bátìrì kẹ́ ẹ tó sanwó, tàbí kó yọ owó bátìrì kúrò. CYCLE COUNT náà máa ń wà níbẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ wo iye ìrìnàjò tó ti rìn.

Àmọ́ ẹ má gbà ìwé gbọ́ tán o, torí bátìrì ayédèrú lè kọ ohun tó wù ú síbẹ̀. Ẹ fi ojú ara yín rí i. Ẹ ní kó yọ ṣájà, ẹ tan fídíò, ẹ mú ìjókòó kẹ́ ẹ máa bá a tàkurọ̀sọ. Tó bá jẹ́ pé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, pásẹ́ǹtì 10 ló lọ, wákàtí márùn-ún lẹ máa rí lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ 30 ló lọ, kò ní í pé wákàtí méjì. Tó bá fò láti 80 sí 60 lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dìde, ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Oníṣòwò tó mọ ohun tó ń tà ò ní í bínú sí i. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má dán an wò, a kì í rí ajá ká tún máa pè é lọ́bọ, ẹ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ohun kẹta, ẹ bèèrè bó ṣe ń gba iná. Ọ̀pọ̀ laptop tuntun ló ń gba ṣáàjì láti ojú ihò kékeré tí wọ́n ń pè ní USB-C, èyí tí ọ̀pọ̀ fóònù ń lò. Kì í ṣe gbogbo ojú ihò bẹ́ẹ̀ ló ń gba iná wọlé o, ẹ dán an wò níṣojú wọn. Àǹfààní ẹ̀ ni pé power bank tó lágbára lè bá yín gbé e nígbà tí iná bá lọ. Power bank 20,000 mAh, nǹkan bíi 74 Wh ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn sì lè kún bátìrì 50 Wh lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ẹ wo ara ẹ̀ kẹ́ ẹ rí i pé ó lè gbé wáàtì 45 tàbí 65 jáde. Èyí tá a fi ń ṣáàjì fóònù lásán ò lè ṣe é. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yín ní London ló fẹ́ẹ́ fi bátìrì ránṣẹ́, ẹ sọ fún un pé báàgì ọwọ́ ni kó gbé e sí, kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ bàálù, kó má sì ju 100 Wh lọ láìjẹ́ pé iléeṣẹ́ bàálù fọwọ́ sí i.

Ẹ ti rà á báyìí, ẹ ti gbé e délé. Títọ́jú ló kù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé àwọn irọ́ jáde. Wọ́n á sọ fún yín pé tẹ́ ẹ bá gbé e délé, kẹ́ ẹ fi sí ṣáàjì mọ́jú kẹ́ ẹ tó tàn án. Ọ̀rọ̀ bátìrì ayé àtijọ́ nìyẹn, kò kan lithium-ion. Wọ́n á tún ní kẹ́ ẹ máa lò ó títí tó fi máa kú pátápátá kẹ́ ẹ tó fi sí ṣáàjì. Ìyẹn gan-an ló ń pa á. Lithium-ion ò fẹ́ ebi àpakú, kò sì fẹ́ àjẹkì. Tó bá ti sún mọ́ 20, ẹ fún un ní iná. Tó bá ti dé 80, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò jáde lọ síbì kan, ẹ lè yọ ọ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ní ìrìnàjò tàbí ìpàdé, ẹ jẹ́ kó kún, kò sóhun tó máa ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní inverter tàbí sólà, tí laptop yín kì í kúrò lójú iná láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ gbọ́ tiyín. Kì í ṣe pé iná á pọ̀ nínú ẹ̀ kó bẹ́ o, torí ẹ̀rọ inú ẹ̀ máa ń dá iná dúró tó bá ti kún. Wíwà tó wà ní 100 nígbà gbogbo, tí ara ẹ̀ tún gbóná, ìyẹn ló ń sọ ọ́ di arúgbó ọ̀sán gangan. Ọ̀pọ̀ laptop Lenovo, Dell, HP àti ASUS ní ibi téèyàn ti lè sọ fún un pé kó má kọjá 80. Ẹ wá a kẹ́ ẹ tàn án.

Ooru ni ọ̀tá tó le jù. Apple ní ibi tó bá gbóná ju 35°C lọ lè ba bátìrì jẹ́ débi tí kò ní í ṣe é tún ṣe. Ẹ wá ro ilé onípáànù wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má gbé laptop sínú mọ́tò tó dúró nínú oòrùn. Ẹ má gbé e lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí pílò, torí ibi tó ti ń mí wà nísàlẹ̀ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá dí i, ó máa gbóná bí ìkòkò àmàlà. Kódà ìwé nípọn kan tẹ́ ẹ gbé sábẹ́ ẹ̀ sàn ju aṣọ lọ. Ojú ẹ̀ tó ń tàn jù náà wà lára ohun tó ń mu bátìrì, ẹ dín in kù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ pa á tì fún oṣù bíi mélòó kan, ẹ má jẹ́ kó kún, ẹ má sì jẹ́ kó ṣófo, ìdajì ni kẹ́ ẹ fi í sí kẹ́ ẹ tó pa á.

Ti jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ṣájà laptop gidi, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé láti fóòtì 100 sí 240 ló lè gbà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí bẹntiróòlù ẹ̀ fẹ́ẹ́ tán, tó ń sọ kúlú-kùlú-kúlú, iná ẹ̀ máa ń lọ sókè lọ sódò. NEPA tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iná dé náà lè fi agbára wọlé. Ẹ fa ṣájà yọ tí iná bá lọ, ẹ jẹ́ kí iná tó dé fìdí múlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kẹ́ ẹ tó kì í bọ̀ ọ́. Ẹ má sì torí owó pọ́ọ́kú ra ṣájà tí wáàtì ẹ̀ ò tó ti laptop yín.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú ní pàtàkì rèé, torí ó kan ẹ̀mí. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ibi tẹ́ ẹ máa ń fi ìka họ lórí laptop ti ń ga sókè, tàbí ìdí laptop ò jókòó lórí tábìlì dáadáa mọ́, bátìrì ẹ̀ ti wú bíi pọ́fùpọ́fù nìyẹn. Ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, ẹ má tún fi sí iná mọ́, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi nǹkan gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó lè padà wọlé, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun. Iná ẹ̀ kì í ṣe iná téèyàn ń fẹnu fẹ́ pa. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá pàápàá ò fi ṣeré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, Dell ní kí àwọn èèyàn dá bátìrì laptop tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin padà, torí ó lè gbóná kó gbiná.

Ẹ ó fẹ́ẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Ìyá Aláta já sí. Ó mú rìsíìtì padà lọ bá ọmọkùnrin yẹn. Wọ́n ní ọjọ́ méje ni àwọn kọ síbẹ̀, ọjọ́ kẹtàlá ló sì wá. Kò sí ohun tá a lè ṣe sí i, ó wà lórí ìwé, a ò kà á. Àdúgbò dáwó díẹ̀díẹ̀ jọ, wọ́n ra bátìrì tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló jókòó tì wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, ó kọ powercfg ẹ̀, ó ka nọ́ńbà ẹ̀, ó tan fídíò fún odindi wákàtí kan kó tó sanwó. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ló ń gbé báyìí. Kò tíì rí iṣẹ́ tó wù ú, àmọ́ ó ti ń bá àwọn èèyàn àdúgbò tẹ lẹ́tà, ó ń bá wọn fi orúkọ ọmọ wọn sílẹ̀ fún ìdánwò, owó kékeré ń wọlé. Ìyá ẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ àjọ lọ́dọ̀ alájọ, torí òrùlé yẹn ṣì ń jò.

Lọ́jọ́ kan, mo dúró lọ́dọ̀ ẹ̀ láti ra ata, oníbàárà kan ń sọ fún un pé òun fẹ́ẹ́ ra laptop fọ́mọ òun. Ìyá Aláta gbé abọ́ ata sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́, Ìyá mi, ẹ má wo ojú ẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè bátìrì. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà ẹ̀ hàn yín." Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ mo mọ iye tó náà kó tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka èyí, ìwé ìròyìn nìkan lẹ rà. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.